Òrùka dídán nídìí kòròfo .30-30: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò, o ní o ra Winchester 94 àlòkù kan, ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń fi ọwọ́ irin abẹ́ rẹ̀ kì, o sì ń tún ọta .30-30 tó ń yìn kì fúnra rẹ nílé. O ní nígbà kẹta tí o yin àwọn kòròfo kan náà, ìyẹn idẹ tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọta bá ti jáde, o rí òrùka dídán tó yí ìdí wọn ká. O béèrè bóyá ẹtù ló pọ̀ jù, àti bóyá o lè fi ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ṣẹ́kù lára ti ìbọn .308 rẹ ṣe èyí tó kàn. Jọ̀ọ́, má yin ẹyọ kan nínú wọn mọ́ títí o fi máa ka èyí tán.

Ó ṣeé ṣe kí ẹtù má jẹ̀bi rárá. Èmi náà di ẹ̀bi rù ú nígbà kan, mo ń dín in kù, òrùka náà kò lọ. Lọ́dún yẹn mo wà nínú igbó ní àríwá Pennsylvania, lọ́sẹ̀ kìíní àsìkò àgbọ̀nrín. Mo yìnbọn, ó bà á, kò ṣubú. Mo fa ọwọ́ irin abẹ́ ìbọn wálẹ̀ kí ọta kejì lè wọlé, kò wọlé. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ìdí kòròfo nìkan ló já bọ́, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìyókù ti há sínú ìbọn. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ ẹran náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìbọn ọwọ́ mi kò sì wúlò ju igi ìdáná lọ. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Ọdẹ ni bàbá mi, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kéèyàn dá ẹran lóró. Ó dùn mí gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. .30-30 ní etí nídìí, bí etí àwo. Etí yẹn ló ń dá a dúró nínú ìbọn, kì í ṣe èjìká rẹ̀ (ibi tí ara kòròfo ti ń tín-ín-rín di ọrùn), àyè sì máa ń wà níwájú èjìká. Bí ẹtù bá gbiná, ara kòròfo á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìbọn, èjìká á ta síwájú, ìdí á sì sún sẹ́yìn. Irin tó ń ti ilẹ̀kùn 94 pa, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, kì í le gbagidi bíi ti àwọn ìbọn tó ń tì níwájú. Idẹ á wá nà, ibì kan náà ló sì máa ń nà sí, lókè ìdí díẹ̀. Nígbà tí o bá wá ti kòròfo bọ inú dáì, irin tó ń fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀, dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ńṣe lò ń ti èjìká padà sẹ́yìn kí ó lè tún nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ìgbà téèyàn ń ká wáyà síwá sẹ́yìn ni, ó máa já.

Nítorí náà, gbé dáì rẹ sókè. Yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èjìká yóò fi padà sẹ́yìn ní 0.002 sí 0.003 ínṣì péré. Máa fi kòròfo òfìfo dán an wò nínú ìbọn, kò gbọ̀dọ̀ ní praimà (èyí kékeré nídìí rẹ̀ tó ń ta iná sí ẹtù), kò gbọ̀dọ̀ ní ẹtù. Kí ọwọ́ irin náà padà sí àyè rẹ̀ wẹ́rẹ́, láìfipá. Àwọn kan á ní kí o máa tún ọrùn nìkan ṣe. Ó lè dára fún ìbọn mìíràn, ṣùgbọ́n 94 kò lágbára láti fipá ti ọta tó há wọlé, inú igbó sì ni wàá ti mọ̀.

Ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó ńkọ́? Rárá o. Inú ọ̀pá abẹ́ ìbọn ni ọta 94 ń tò sí, ẹnu ọ̀kan á máa kan praimà èyí tó wà níwájú rẹ̀. Bí ìbọn bá ta ọ́ léjìká, ṣóńṣó yẹn lè gún praimà, kí ó sì bú gbàmù lábẹ́ ọwọ́ òsì rẹ. Ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ ni kí o lò, tó wúwo tó 150 tàbí 170 grain, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ Hornady fi rọ́bà rírọ̀ ṣe ẹnu rẹ̀. Ìbọn Savage 99 tó ń yí ọta rẹ̀ po nínú ikùn kò ní wàhálà yìí, àmọ́ kì í ṣe òun lo ní.

Gé gbogbo kòròfo sí 2.029 ínṣì kí o tó fún ẹnu wọn mọ́ àmùrè, ìlà tó yí ara ọta ká. Bí wọn kò bá gùn dọ́gba, àwọn kan á fún jù, èjìká wọn á wú, àwọn mìíràn kò ní fún tó, sípíríǹgì inú ọ̀pá á sì ti ọta wọn rì sínú.

Ti ẹtù, ìwọ̀n tó kéré jù nínú ìwé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì wọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdó kékeré ni bàbá mi fi ń wọn ẹtù dúdú sínú ṣakabùlà rẹ̀. Ẹtù tiwa yìí kò gba bẹ́ẹ̀. Ọdún 1894 ni ìbọn tí John Browning ṣe yìí jáde, .30-30 sì tẹ̀ lé e ní 1895. 42,000 psi, ìyẹn ìwọ̀n ipá tí ẹtù fi ń ti ògiri ìbọn, ni òpin agbára rẹ̀, nígbà tí .308 rẹ ń gbà tó 62,000. Má fi ojú ọ̀kan wo èkejì.

Ní ti òrùka tí o rí, ti òde nìkan kò tó ẹ̀rí, dáì náà lè fi àmì sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Mú kílíìpù ìwé, nà án, ká ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀ bí ìwọ̀, kí o pọ́n ọn. Tì í bọ inú kòròfo títí yóò fi kan ìdí, kí o fà á sókè lára ògiri. Bó bá ń yọ̀ lọ geere, kò séwu. Bó bá já sí kòtò kan tó kọ́ ọ, bí ìgbà tí èékánná kọ́ ara aṣọ, ìyẹn ti tán. Fi ayùn irin la ọ̀kan sí méjì gbọọrọ kí o wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Ibi tí idẹ ti tẹ́ẹ́rẹ́ máa hàn sí ọ. Gbogbo èyí tó ti inú páálí kan náà wá, tẹ̀ wọ́n pẹrẹsẹ pẹ̀lú òòlù kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tún wọn kì.