Ẹ Fi Ìrẹsì Sílẹ̀, Ẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Àtẹ̀gùn Fún Mi

Ìyá tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, mo ti ka ẹjọ́ ìyàwó ọmọ yín tán. Ẹ ní ìrẹsì funfun ló ń sè ṣáá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló kún fìríìjì, ṣúgà yín tó máa ń jẹ́ 98 láàárọ̀ ti di 142 lẹ́yìn oúnjẹ rẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ bí ẹ ṣe máa gba ilé ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọmọ yín ò fi ní bínú.

Ìlà kan wà láàárín lẹ́tà náà tí ẹ sáré fò kọjá. Ẹ ní ẹ ń gun àtẹ̀gùn lọ bá a wí, ni òógùn tutù bá bò yín, ẹ ń mí gúlegúle, ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ó fi bu omi wá. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù kan! Ẹ wá fi tì í pé: "àyà ò kúkú dùn mí, inú tó ń bí mi ni."

Ta ló sọ fún yín pé àfi kí àyà dunni? Ọdún 11 ni àtọ̀gbẹ ti wà lára yín. Ṣúgà tó bá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora jẹ́. Òun ló ń mú kí alátọ̀gbẹ tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kó má mọ̀. Ó lè ṣe ọkàn náà bẹ́ẹ̀: ọkàn á wà nínú ewu, àyà ò ní dùn, òógùn àti èémí tí kò délẹ̀ nìkan lẹ máa rí.

Ilé ìwòsàn, lónìí. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn yín ṣe ń lù. Bó bá tún ṣe yín kí ẹ tó jáde, ẹ má dá rìn. Kí wọ́n gbé yín lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú lẹ́tà yìí: ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ kọ iye ṣúgà yín. Iye ẹ̀jẹ̀ ríru dà? Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ wọn rárá. Àwọn yẹn gan-an ló ń bá ṣúgà dìtẹ̀ mọ́ ọkàn. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó ń jẹ́ ACCORD, èèyàn tó lé ní 10,000 ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi oògùn tẹ ṣúgà àwọn kan rì gidigidi, kí HbA1c wọn, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta, má tó 6%. Ní 2008, wọ́n dá a dúró, torí àwọn tó ń kú láàárín wọn pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ní Denmark, níbi tí wọ́n ti tọ́jú ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá pa pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn ọkàn dín kù tó bí ìdajì. Mi ò ní kí ẹ fi ṣúgà sílẹ̀ o. Àmọ́ 142 lẹ́yìn oúnjẹ kò burú. Ohun tí àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ ni kó má tó 180.

Ìyàwó ọmọ yín tó bu omi wá yẹn ni kí ẹ mú dání. Ó rí ojú yín lọ́jọ́ náà. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà bó ṣe rí, torí ẹ̀yin á ní inú ló ń bí yín.