Ṣé kí ọmọ mi fi físíìsì sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọbìnrin mi wà ní SS1, òun ló máa ń sáré fún ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti lẹ nǹkan róbótó-róbótó mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré, tí kọ̀ǹpútà sì ń ya bí oríkèé rẹ̀ ṣe ń ṣe. Látìgbà náà ló ti ní biomechanics lòun máa kọ́ ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní eré ìdárayá lásán ni, pé kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Èyí tó wá ń kọ mí lóminú ni pé físíìsì kì í yé e, wọ́n sì ti ń sọ fún un pé kó bọ́ sí kíláàsì àwọn oníṣẹ́ ọnà (Arts). Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ibo ló lè kà á? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Sáyọ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá Sáyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kánjú: ẹ má jẹ́ kó fi físíìsì sílẹ̀. Físíìsì ni biomechanics fúnra rẹ̀, inú eegun àti iṣan ló kàn ń gbé. Ọmọ Ìyàrà ni mí, iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn fífi ìfọwọ́wọ́ àti eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mò ń ṣe, mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tí ẹ̀kọ́ náà máa ń nira fún nínú kíláàsì mi kì í ṣe àwọn tí kò lè sáré. Àwọn tó ti sá fún físíìsì ní girama ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ẹ ń rí lójoojúmọ́ ṣàlàyé. Ká ní bàbá kan fẹ́ gbé àpò gbágùúdá 20 kílò nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí i, àpò náà sì jìnnà sí ìbàdí rẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà. Iṣan ẹ̀yìn tó máa fà á dìde kò jìnnà sí àárín eegun ẹ̀yìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ pín 50 sí ọ̀nà 5, 10 ni. Ìyẹn ni pé iṣan náà gbọ́dọ̀ fi ipá tó tó ti 200 kílò fà kí 20 kílò tó kúrò nílẹ̀, a ò sì tíì ka orí àti àyà bàbá náà mọ́ ọn. Bó bá kọ́kọ́ wọ́ àpò náà mọ́ra títí ó fi ku 25 sẹ̀ǹtímítà, ipá náà á já sí 100 kílò. Àpò kan náà, bàbá kan náà, ẹ̀yìn kan náà. Ọgbọ́n ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ṣí òkúta nídìí ni, àmọ́ nínú ara, ìdí ọ̀pá tó kúrú ni wọ́n fún iṣan dì mú.

Bí mo bá ti ṣe ìṣirò yìí tán lára pátákó, mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ló dé tí àwọn ìyá wa fi ń ru igbá gààrí lórí dípò kí wọ́n gbé e mọ́ àyà. Òṣùká gbé ẹrù náà sórí ìlà eegun ẹ̀yìn gan-an. Jíjìnnà ẹrù sí eegun ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, iṣan ẹ̀yìn kò ní ohun púpọ̀ láti bá jà mọ́. Eegun ọrùn ló wá ń jẹ gbogbo ìwúwo náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ pé ẹrù orí kì í pani lára.

Ọ̀rọ̀ ẹrù orí yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde ìwádìí jáde nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí àwọn obìnrin náà ń mí bí wọ́n ṣe ń rìn pẹ̀lú ẹrù, wọ́n sì rí i pé bí ẹrù kò bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara wọn lọ, agbára tí wọ́n ń lò kò ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Fún obìnrin tó wọn 60 kílò, kílò 12 nìyẹn. Ní 1995 ni wọ́n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń rìn, ara wọn ń fì bí ọ̀pá tó ń fì nínú aago ògiri, ohun tí ìgbésẹ̀ kan bá fi sílẹ̀ ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ń lò, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí kò ru ẹrù rí lọ. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ tiwa lọ́dọ̀ yín àti ní ọ̀nà Mọ̀pà kì í ṣe títẹ́jú, ẹrù ọjọ́ ọjà sì máa ń ju kílò 12 lọ fíìfíì. Ó wù mí kí ọmọ kan láti ìhín wọn ti àwọn ìyá wa lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ Sáyọ̀ ni, inú mi á dùn.

Ohun tí wọ́n tún máa kọ́ ọ ni ìrìn fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí gìgísẹ̀ kan bá kan ilẹ̀ títí yóò fi tún kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ náà máa ń wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò yẹn, ó sì ń fì lókè fún ìdá 40. Ẹni tó bá ń tiro, iye yẹn máa ń dà rú, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ibi tó ń dùn ún kó tó sọ̀rọ̀. Bí Sáyọ̀ bá ń sáré, ilẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ padà pẹ̀lú ipá tó tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwúwo ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwo irin kan wà tí wọ́n ń rì mọ́ ilẹ̀ láti fi wọn ipá yìí. Àwọn nǹkan róbótó inú fídíò yẹn sì wà kí kámẹ́rà lè mọ ibi tí oríkèé wà.

Ní ti ibi tó lè kà á: ní Nàìjíríà, inú ẹ̀kọ́ mìíràn ni biomechanics sábà máa ń wà fún oyè àkọ́kọ́. Fisiotẹ́rápì wà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó. JAMB rẹ̀ ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì. Biomedical Engineering, ìyẹn ẹ̀kọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ fún ara àti ìwòsàn, wà ní Ìlọrin, tó súnmọ́ yín, ìṣirò àti físíìsì ló jẹ mọ́ jù. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ibẹ̀ ni kó lọ. Human Kinetics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ara èèyàn ṣe ń rìn tó sì ń ṣeré, wà ní Ìbàdàn àti Ìlọrin, èyí súnmọ́ eré ìdárayá àti iṣẹ́ olùkọ́. Kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ wo ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB ti ọdún yẹn, torí wọ́n máa ń yí nǹkan padà.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Biomechanics nìkan ṣoṣo kò rọrùn láti fi jẹun níbí, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, àwọn tó sì fẹ́ ẹ láfẹ́-ǹ-yanjú sábà máa ń tẹ̀ síwájú lọ gba oyè kejì àti ìkẹta. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó gba ọ̀nà fisiotẹ́rápì. Ẹni tó bá parí rẹ̀ máa ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, ilé ìwòsàn sì lè gbà á síṣẹ́, yálà ó tẹ̀ síwájú tàbí kò tẹ̀ síwájú.

Ní báyìí, ẹ wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní físíìsì ní ìrọ̀lẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ipá àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kì í ṣe láti orí iná mànàmáná. Lọ́jọ́ Sátidé, kó gbé fóònù lé orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kó má mì, kí ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ kó ya fídíò rẹ̀ bó bá ń sáré kọjá. Kinovea jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó lè dá fídíò náà dúró, kó sì wọn bí orúnkún rẹ̀ ṣe ká tó. Kó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé: ìgbà tó sáré pẹ̀lú bàtà, àti ìgbà tó sáré láìwọ bàtà. Bó bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, màá sì dá a lóhùn.