Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fọ́tò Ẹṣin Etí Ọ̀nà àti ti Igbó Ọba

Lẹ́tà mẹ́ta la yàn fún ìtẹ̀jáde yìí, nítorí pé ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dorí kọ: bí ènìyàn ṣe lè fi ọkọ̀ gbafẹ́ gba ìgbèríko kọjá, kí ó sì rí fọ́tò tó ṣeé wò mú bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Southampton ní Ìlú Ọba ti ní kí èmi àti bàbá rẹ̀ wá kí òun ní oṣù kẹjọ. Ó ní òun yóò yá wa ní ọkọ̀ òun ní ọjọ́ kan, kí a fi rìn jẹ́jẹ́ gba inú igbó kan tí wọ́n ń pè ní New Forest, níbi tí àwọn ẹṣin kúkúrú ti ń dá rìn kiri láìsí okùn lọ́rùn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni fọ́tò yíyà ti wọ̀ mí lẹ́wù, ṣùgbọ́n bàbá ń bẹ̀rù pé ẹṣin ìgbẹ́ lè ṣe wá léṣe, wọ́n sì ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi fọ́tò igi ṣe nígbà tí igi kún Àkúrẹ́. Ọ̀nà wo ni kí a gbà, kí sì ni kí n ṣe kí fọ́tò náà lè dára? — Tíṣà àná, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà, ẹ bá wa kí bàbá. Ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn ẹṣin inú New Forest kì í ṣe ẹṣin ìgbẹ́. Wọ́n tó nǹkan bí 5,000, kò sì sí èyí tí kò ní olówó nínú wọn. Àwọn ará àgbègbè náà tí ilé tàbí ilẹ̀ wọn fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran jẹ̀ nínú igbó náà ló ni wọ́n. Olúkúlùkù olówó ní àmì tirẹ̀ tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sí ara ẹṣin. Lọ́dọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní agister sì máa ń gé irun ìrù wọn ní àrà kan láti fi hàn pé olówó ti san owó tó yẹ kó san, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń so àkísà pupa mọ́ ìyẹ́ adìẹ kí tiwọn má bàa dà pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ní tèmi, fọ́tò ìrù tí wọ́n gé yẹn àti àmì irin tó wà lára ẹṣin ní ìtàn nínú ju fọ́tò odindi ẹṣin tó kàn dúró gbagidi lọ.

Pé ẹran ní olówó kò wá sọ pé kì í ta ìpá, kì í sì í gé ni jẹ. Ní oṣù kẹjọ tí ẹ ń lọ, púpọ̀ nínú àwọn abo ni ọmọ tí wọ́n bí nígbà ìrúwé yóò ṣì wà lẹ́yìn wọn, abiyamọ kò sì fẹ́ àlejò láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni ìjọba ìbílẹ̀ àgbègbè náà ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ tàbí kí ó máa fọwọ́ pa wọ́n lára, ẹni tó bá sì rú u yóò sanwó ìtanràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín gbọ́ èyí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ẹṣin tó bá ti jẹ bisikíìtì lọ́wọ́ àlejò yóò máa dúró de ọkọ̀ lójú títì, ojú títì náà sì ni ọkọ̀ ti ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kàn. Àlejò tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá lè fi wakọ̀ níbẹ̀ fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ọmọ yín gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tí yóò wakọ̀ kún ìwé ìṣúra ọkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà. Bàbá yóò rántí pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe ń ṣe títí di oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Lójú títì tí kò ní ọgbà nínú igbó náà, máìlì 40 ní wákàtí kan ni òfin fàyè gbà, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 64, ẹ má sì retí pé kí ẹṣin yà fún yín nítorí pé ẹ fun fèrè. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ gbé ọkọ̀ lé ọmọ yín lọ́wọ́. Àwọn ẹṣin dúdú kì í hàn lójú títì lóru.

Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo igbó náà tán lọ́jọ́ kan. Láti Southampton, ẹ gba ìlú Lyndhurst, kí ẹ sì máa bá títì A35 lọ sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ó kan ìkóríta kan tí ọ̀nà tóóró méjì ti yà, ọ̀kan lápá òsì tí wọ́n ń pè ní Rhinefield Ornamental Drive, èkejì lápá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní Bolderwood Ornamental Drive. Àwọn igi gíga fíofío tí ìran wọn wá láti Amẹ́ríkà ló wà ní Rhinefield, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò sì ń sáré lọ. Igi tí wọ́n gbìn lẹ́yìn ọdún 1850 ni wọ́n o. Apá Bolderwood ni èmi yóò ní kí ẹ yà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni igi óákù tí wọ́n ń pè ní Knightwood Oak wà, èyí tó ti lé ní 500 ọdún. Kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà méje yíká. Láyé àtijọ́ ni wọ́n ti gé e lórí tí ó sì tún hu ẹ̀ka púpọ̀, irú gígé bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí igi pẹ́ láyé. Òfin ọdún 1698 fi òpin sí i nítorí pé ìjọba fẹ́ pákó tó gùn tó sì tọ́ fún ọkọ̀ ojú omi ogun, nítorí náà bí ẹ bá rí igi óákù tàbí bíìṣì kan tí ẹ̀ka rẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ láti ibì kan ṣoṣo ní òkè orí ènìyàn, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ ṣáájú òfin náà.

Èyí ni ìdáhùn tí mo ní fún bàbá lórí igi tó kún Àkúrẹ́. Igbó ọdẹ ọba ni New Forest láti ìgbà Ọba William Kìíní, tó yà á sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1079 (ọfà sì pa ọmọ rẹ̀, William Kejì, nínú igbó kan náà ní 1100), ó sì di ọgbà ìtura gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2005. Láti ọjọ́ pípẹ́ yìí ni ẹṣin, màlúù àti àgbọ̀nrín ti ń jẹ koríko àti ọmọ igi tó bá yọjú níbẹ̀. Ìdí rèé tí abẹ́ igi fi mọ́ tónítóní, tí ojú ènìyàn sì lè ríran jìnnà láàárín àwọn igi arúgbó náà. Ibi tí ẹnu ẹṣin dé náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ lórí igi, ẹ ó rí i bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹṣin ló ń tún igbó yẹn ṣe, nítorí náà fọ́tò tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni èyí tí ẹṣin àti igi arúgbó jọ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ẹṣin lọ́tọ̀ àti ti igi lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹwàá lẹ ń lọ ni, ẹ ó tún bá ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ṣa èso óákù jẹ kí ó má bàa pa ẹṣin, nítorí pé májèlé ni fún ẹṣin. Ní oṣù kẹjọ, òdòdó elésè àlùkò tó bo pápá gbalasa ni yóò jẹ́ èrè yín.

Ní ti yíyà rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí wọ́n là kalẹ̀ fún ìgbọ́kọ̀sí, ẹ má gun orí koríko etí títì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sọ wíńdò kalẹ̀, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n, kí ẹ sì dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹṣin yóò gbàgbé yín, yóò padà sídìí koríko rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ rọra bẹ̀rẹ̀ kí kámẹ́rà wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú ẹran náà, nítorí pé fọ́tò tí a dúró ṣánṣán yà máa ń sọ ẹṣin kúkúrú di ẹlẹ́sẹ̀ kékeré olórí ńlá. Bí oòrùn bá mú, ẹ lọ sí pápá. Bí òjò bá ṣú, ẹ wọ abẹ́ igi. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ ló dára jù nínú igbó, torí pé ní ọjọ́ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ láàárín ewé yóò fi àbàwọ́n funfun sára fọ́tò yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ọmọ Oǹdó ni mí, fọ́tò ìgbéyàwó ni mo ń yà jẹun, ṣùgbọ́n igbó ló wù mí láti yà. Kí ló dé tí kò sí ẹṣin nínú igbó tiwa? Ṣé a sì lè rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe láàárín Oǹdó àti Àkúrẹ́? — Olùyàwòrán, Yaba, Oǹdó.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, irù ló fà á, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tó sì ń gbin àrùn sára ẹran bó ṣe ń jẹ wọ́n kiri. Ẹṣin kì í pẹ́ kó tó rù kú lọ́wọ́ àrùn yìí. Ọ̀yọ́ fi ẹṣin jagun ní ilẹ̀ ọ̀dàn, apá òkè ọya ni púpọ̀ nínú ẹṣin náà sì ti ń wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ igbó kìjikìji, agbára ẹlẹ́ṣin dópin. Ẹran ilẹ̀ wa tó dàbí ẹṣin kúkúrú New Forest ní ìwọ̀n ni mùtùrù, màlúù kúkúrú aláìníké tí ara rẹ̀ ti mọ àrùn irù fara dà. Bí o bá rí i ní abúlé kan, má kọjá lọ láìyà á, kò pọ̀ mọ́.

Níwọ̀n bí kò ti sí ẹran ńlá tó ń jẹ abẹ́ igi wa mọ́lẹ̀, igbó wa kò ní fún ọ ní ìran jíjìnnà. Ìdí igi ni kí o dojú kọ: gbòǹgbò arère tàbí àràbà tó yọ pẹrẹsẹ síta tó ga ju ènìyàn lọ, pẹ̀lú ẹnì kan tó dúró sí àárín rẹ̀ kí a lè mọ bó ti tóbi tó. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdánrè ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Àpáta ńláńlá yóò máa yọrí láàárín oko kòkó bí o ti ń sún mọ́ Àláàdé, nígbà tí o bá sì dé Òdòde, àtẹ̀gùn 667 ló dúró dè ọ́ kí o tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Ọdún 2007 ni wọ́n fi òkè náà sínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Òtítọ́ tó korò ni pé igi arúgbó kò pọ̀ lójú ọ̀nà náà mọ́. Ẹ̀rọ ìlagi àti oko kòkó ti jẹ púpọ̀ nínú igbó ọba wa. Èyí tó kù nínú igbó ọba Àkúrẹ́ kò ṣeé dá wọ̀. Gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́gbó, mú ọ̀kan nínú wọn dání, kí o sì ti padà sójú títì kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Má ya ojúbọ kankan láìbéèrè.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó kì í rántí: bí kámẹ́rà bá ti wà nínú èésì ọkọ̀ láti Oǹdó, bí o bá ṣílẹ̀kùn sínú ooru igbó báyìí ni lẹ́ǹsì yóò bò fún ìrì. Pa èésì náà kí o tó débẹ̀, kí o sọ wíńdò kalẹ̀, kí kámẹ́rà àti afẹ́fẹ́ ìta ti mọ ara wọn. Lẹ́yìn òjò ni kí o lọ, má dúró de ọyẹ́, nítorí pé eruku ọyẹ́ máa ń pa àwọ̀ ewé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kámẹ́rà olówó ńlá fún irú nǹkan yìí, àbí fóònù tó? — Onífóònù, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Fóònù tó fún igi. Fún ẹran, kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé fífi ìka fà á súnmọ́ máa ń ba àwòrán jẹ́. Ó sàn kí ẹ yà á láti ibi tí ẹ wà, kí ẹ gé e nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ fi ìka tẹ ara ẹran náà lójú fóònù kí ẹ tó yà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ọ̀run ni yóò dára, ẹṣin yóò sì dúdú bí èédú. Bí ẹ bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì náà, èébu ni, kò sì ní yé tàn. Èyí tí ẹ bá rà, ẹ fi sínú ike tó ní ìdérí líle, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, kí ọ̀rinrin ìgbà òjò má bàa wọ̀ ọ́.