Bí adájọ́ bá dìde, ta ni yóò jókòó?

Ẹ béèrè bóyá kí adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ máa wà lórí àga títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tàbí kí a dá iye ọdún fún un. Èmi fara mọ́ dídá iye ọdún, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní kóòtù kò jẹ́ kí n lè fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ní 2006 ni ìdílé wa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ kan lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Adájọ́ tó gbọ́ ọ fara balẹ̀ púpọ̀. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó bá wa dé orí ilẹ̀ náà, àbúrò bàbá wa sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí àwọn pèrègún ààlà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku kí àwọn lọ́yà ro ẹjọ́ ìkẹyìn ni baba náà pé ẹni ọdún 65, èyí tó jẹ́ gbèdéke fún adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nígbà náà, ó sì fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a fi rí adájọ́ tuntun, tí ẹjọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àbúrò bàbá wa ti kú. Wọ́n gba àkọsílẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ wọlé o, àmọ́ bébà kò lè mú ọ̀pá tọ́ka sí pèrègún, àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ sì ti hú púpọ̀ nínú wọn.

Síbẹ̀, n kò ní torí ìyẹn sọ pé kí adájọ́ jókòó títí dọjọ́ ikú. Ẹni ọdún 87 ni Ruth Bader Ginsburg, adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó kú sórí oyè ní oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n sì ti fi Amy Coney Barrett, tí èrò rẹ̀ nípa òfin yàtọ̀ gédégédé sí tirẹ̀, rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku ọjọ́ mẹ́jọ péré. Kò yẹ kó jẹ́ ìlera àgbàlagbà kan ni yóò máa pinnu ibi tí òfin orílẹ̀-èdè yóò kọrí sí.

Ní Nàìjíríà, ẹni ọdún 70 ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ń fẹ̀yìn tì, àtúnṣe ìwé òfin ní 2023 sì ti sọ ọ́ di ti gbogbo adájọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé láti ọjọ́ tí a ti búra fún adájọ́ ni a ti mọ ọjọ́ tí yóò lọ, síbẹ̀ a kì í tètè wá arọ́pò. Nígbà tí Adájọ́ Musa Dattijo Muhammad fẹ̀yìn tì ní òpin oṣù Kẹwàá 2023, adájọ́ 10 péré ló kù ní ilé-ẹjọ́ tó yẹ kó ní 21, bẹ́ẹ̀ ó kéré tán márùn-ún gbọ́dọ̀ jókòó sórí ẹjọ́ kan. Ó di oṣù Kejì 2024 kí wọ́n tó búra fún 11 mìíràn.

Ti ilé-ẹjọ́ ìwé òfin Jámánì ló wù mí: ọdún 12, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí adájọ́ má sì kọjá ẹni ọdún 68. Bí wọn kò bá tíì yan arọ́pò, ẹni tí àsìkò rẹ̀ ti pé a máa bá iṣẹ́ lọ títí wọn yóò fi yàn án. Ká ní irú gbólóhùn yẹn wà fún baba wa tó wọ bàtà rọ́bà ni, ì bá parí ẹjọ́ wa, kódà kó jẹ́ pé àwọn tó hú pèrègún ni ì bá dá ilẹ̀ náà fún.