Ọdún tó wà níwájú ìwé máàpù kọ́ ni ọdún tí ilé dé

Ẹ ní ilé tí ẹ ń wádìí hàn nínú máàpù Sanborn ti 1911, ìyẹn máàpù ìlú Amẹ́ríkà tí ilé-iṣẹ́ Sanborn ṣe fún àwọn adójútòfò iná, ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ lè kọ ọ́ pé ó ti wà níbẹ̀ lọ́dún náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́. Ìyà ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí rí.

Ilé sinimá kan ni tèmi. Ó wà nínú ìwé máàpù tí wọ́n kọ 1908 sí iwájú rẹ̀, mo sì fi odidi orí kan ṣàlàyé pé òun ló fa àwọn ṣọ́ọ̀bù wá sí òpópónà yẹn. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wò ó, ẹ̀dà dúdú àti funfun tí wọ́n yà láti ara fíìmù. Nígbà tí mo dé ilé ìkàwé tí wọ́n gbé ojúlówó rẹ̀ síwájú mi, mo tẹ orí wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ojú ibi tí sinimá náà wà ga díẹ̀ ju ìyókù lọ. Bébà pélébé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn! Gọ́ọ̀mù ti gbó ní etí rẹ̀, ilà ilé ẹṣin kan sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà yẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í ra ìwé tuntun ní gbogbo ìgbà tí ilé bá yí padà. Sanborn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1867, máa ń rán bébà àtúnṣe jáde nígbà náà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́. Ẹ wo iwájú ìwé yín, wọ́n sábà máa ń lẹ àkọsílẹ̀ ọjọ́ àtúnṣe síbẹ̀. Tèmi dé 1926.

Ẹ wá ẹ̀dà aláwọ̀, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, ti gbé púpọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé: pupa rúsúrúsú ni bíríkì, yẹ́lò ni pákó, búlúù ni òkúta. Nínú ẹ̀dà dúdú àti funfun, ilé pákó tí iná lè jó tán láàárín wákàtí kan kò yàtọ̀ sí ilé bíríkì.

Nọ́mbà ilé náà ńkọ́? Chicago yí tirẹ̀ padà lọ́dún 1909, àwọn ìlú mìíràn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ tó gbé nọ́mbà lọ wo ìwé orúkọ àwọn ará ìlú, èyí tó ń to orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn àti ṣọ́ọ̀bù.

Ìwé orúkọ yẹn ló gbà mí. Mo wò ó lọ́dọọdún láti 1908: àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ti wà ní òpópónà náà kí orúkọ sinimá tó jáde lọ́dún 1919. Mo tún orí náà kọ látìbẹ̀rẹ̀.