Inú “O” já bọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìwé ewì kékeré ni mo fẹ́ ṣe, ẹ̀dà 40 péré, mo sì fẹ́ fi stencil (páálí tí a gé lẹ́tà sí kí ọ̀dà lè gba ihò rẹ̀) tẹ àkọlé rẹ̀, ODÒ, sára èèpo ìwé. Mo gé lẹ́tà sí páálí, inú àwọn O àti D já bọ́, ó ku ihò gbàgà mẹ́ta. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń fi nǹkan yìí ṣe ìwé, àbí ti àpò ìrẹsì nìkan ni? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rín pa mí, àbúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tèmi ṣe bàjẹ́.

Afárá ni o kò fi sílẹ̀. Má gé O yípo. Abala méjì ni kí o gé e sí, kí páálí tín-ín-rín kù lókè àti nísàlẹ̀ tí yóò di àárín mú. Afárá kan ṣoṣo kò tó, á máa jù bí ìrù ajá. Ní ti D, gé igi rẹ̀ lọ́tọ̀, gé ikùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí lẹ́tà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, mìlímítà 3 ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún afárá. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ tán, jọ̀ọ́, má fi búrọ́ọ̀ṣì dí àlàfo yẹn. Mo dí i fún oníbàárà kan rí, àkọlé wá dà bí ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ nídìí.

Àmì ohùn kò ní wàhálà, ihò lásán ni, kò ní inú tó máa bọ́. Páálí tó wà láàrin àmì àti O ló máa ń ya. Jẹ́ kí afárá òkè O bọ́ sí abẹ́ àmì gan-an, á gbé e ró. Kí o sì kọ “ojú” sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí bí o bá ṣi páálí gbé dojú délẹ̀, D á kẹ̀yìn sí wa, Ò á di Ó.

Wọ́n ń fi ṣe ìwé dáadáa. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọ̀rúndún 17 àti 18, wọ́n fi páànù tí wọ́n gé tẹ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì gàgàrà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú òdòdó etí ojú ewé. Ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀, lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ tóbi kí gbogbo akọrin lè rí i. Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé àti òṣèlú ọmọ Amẹ́ríkà, ra irú páànù bẹ́ẹ̀ ní Paris ní 1781, àwọn páànù náà ṣì wà ní Philadelphia. Tí o bá fẹ́ ọnà sí èèpo tìrẹ, lọ wo adìrẹ ẹlẹ́kọ onípáànù ti Abẹ́òkúta, kí o rí bí afárá ṣe di ọnà fúnra rẹ̀.

Páálí á rọ̀ kí o tó tẹ ẹ̀dà 40. Fíìmù X-ray àtijọ́ ni kí o gé. Kí ọ̀dà ki, fóòmù ni kí o fi tẹ̀ ẹ́, má fà á. Kọ́kọ́ gbá fóòmù náà sórí ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀mejì.