Ọmọ mi pe ìyá àgbà ní "ìṣẹ̀ǹbáyé"

Ìbéèrè:
Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin òbí. London ni a wà. Mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum. Ó bi mí pé kí nìyẹn, mo ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ló bá ní, "Ìyá àgbà, ṣé ìṣẹ̀ǹbáyé ni yín?" Màmá dákẹ́ lọ gbári. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe là á yé e? Àbí ọ̀kan náà ni òun àti "àtijọ́"?

Ìdáhùn:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìṣẹ̀ ni ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti ń bá ayé bọ̀ látìgbà náà ni ìṣẹ̀ǹbáyé. Orí tí ẹ lọ wò yẹn, agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wà á jáde lọ́dún 1938, níbi tí wọ́n ti ń walẹ̀ kọ́lé. Ó ti lé ní 500 ọdún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye ọdún nìkan kọ́. Ẹ̀sìn ìṣẹ̀ǹbáyé là ń pe ọdún Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é l'Óṣogbo.

"Àtijọ́" ní tirẹ̀, ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀: ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Ṣílè tí àwọn òbí wa ná kí náírà tó dé lọ́dún 1973, owó àtijọ́ ni. Owó ẹyọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń fi í ra ọjà mọ́, síbẹ̀ ó ṣì wà lára ère Èṣù títí dòní. Èmi á pe ìyẹn ní ìṣẹ̀ǹbáyé.

Àwọn tó gbé ayé ṣáájú wa ni ará ìgbàanì. "Láéláé" ni ti Májẹ̀mú Láéláé, àmọ́ tí "kò" bá ti ṣáájú rẹ̀, ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ rárá ló ń sọ. Ẹ má sì jẹ́ kó sún mọ́ "ògbólógbòó", torí olè ló sábà máa ń bá a rìn.

Òòyà onígi tí ìyá mi fi ń ya irun wa ni mo fi kọ́ ọmọ tèmi ní Kánádà níbí. Eyín rẹ̀ méjì ti kán, òórùn òróró àgbọn ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó ti gbó." Mo ní lóòótọ́, òòyà ti gbó, ṣùgbọ́n irun dídì tí a ń fi í ṣe, ìyẹn ni ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo mú un jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo fi òòyà náà yà á, mo di ṣùkú fún un. Láti ọjọ́ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ náà lò mọ́.

Èèyàn kì í ṣe ìṣẹ̀ǹbáyé. Àgbà ni Màmá. Ẹ tún pè wọ́n, kí ọmọ kúnlẹ̀ níwájú fóònù kó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà kó bi wọ́n léèrè èyí tó jẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ẹrù tó wà nínú àpótí wọn.